Ìbọn Lápátí, Kò Lápátí: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Ìbọn Yíyìn ní Ilẹ̀ Yorùbá

ÌFÁÁRÀ

Òwe kan wà tí àwọn àgbà máa ń pa: "Ìbọn lápátí, kò lápátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú ìbọn kọ òun?" Apátí ni irin kékeré abẹ́ ìbọn tí ìka ọwọ́ ń fà kí ìbọn tó dún. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, igi àti irin lásán ni ìbọn kù. Síbẹ̀, òwe náà sọ pé kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò dúró kí wọ́n na irú ìbọn bẹ́ẹ̀ sí òun láyà. Ní kíláàsì, ìtumọ̀ tí a sábà máa ń fún òwe yìí ni pé kò yẹ kí a fi ohun tí ó lè pani ṣe àwàdà. Ìtumọ̀ náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìtàn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìlànà tí òwe náà fi lélẹ̀ ni ìlànà kìn-ín-ní tí àwọn olùkọ́ ìbọn yíyìn ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbi gbogbo láyé títí di òní: mú gbogbo ìbọn gẹ́gẹ́ bí èyí tí ọta wà nínú rẹ̀, má sì ṣe na ẹnu rẹ̀ sí ohun tí o kò fẹ́ pa.

Ìbọn ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn òpìtàn sì ti kọ púpọ̀ nípa àwọn ogun tí a fi jà. Ohun tí a kì í sábà bèèrè ni bí àwọn tí ó gbé ìbọn wọ̀nyẹn ṣe kọ́ ọ. Ta ni ó kọ́ wọn? Kí ni ó kọ́kọ́ kọ́ wọn? Kí ni ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìbọn ti dé ọwọ́ tí ẹ̀kọ́ kò sì tíì dé orí? Bí a bá fi ojú ìbéèrè wọ̀nyí wo ìtàn láti ogun Òwu títí dé àwọn òpópónà Múṣin àti Surulérè, a ó rí i pé ẹ̀kọ́ ni ó ń sọ ìbọn di ohun ìjà. Níbi tí ẹ̀kọ́ kò bá sí, ariwo àti òfò ni ìbọn ń mú wá.

ÌBỌN DÉ, Ẹ̀KỌ́ KÒ TÍÌ DÉ

Kí ìbọn tó gbilẹ̀, ọfà, ọ̀kọ̀ àti idà ni àwọn jagunjagun ilẹ̀ Yorùbá ń lò, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ sì ni ẹ̀rù wọn ń ba ará ìlú mìíràn jù. Láti kékeré ni ọmọ ti ń kọ́ ọfà títa. Kò sí ẹni tí ó lè gba ọrun lónìí kí ó di tafàtafà lọ́la, nítorí pé apá, ojú àti èémí ni ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ kí ọfà tó lọ síbi tí a rán an.

Nínú ogun Òwu, ní nǹkan bí ọdún 1820 sí 1830, ni a gbọ́ pé ìbọn kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ gidi láàárín àwọn Yorùbá fúnra wọn. Àwọn Ìjẹ̀bú, tí wọ́n súnmọ́ etíkun tí àwọn òyìnbó ti ń ṣòwò, ni ó gbé e wá, ó sì ṣe àwọn ará Òwu, tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé àdá ìjà, ní kàyéfì. Láti ìgbà náà lọ, ìbọn ń gba Èkó, Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́ wọlé lọ́pọ̀ yanturu. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 1850, agbára káká ni a fi lè rí jagunjagun tí kò ní tirẹ̀.

Ìbọn tí à ń wí yìí ni ṣakabùlà, èyí tí a ń ki láti ẹnu. Ẹni tí ó fẹ́ yìn ín yóò kọ́kọ́ da ẹ̀tù sí i ní ẹnu, yóò fi òwú tàbí okùn ọ̀pẹ dí i, yóò ju ọta tàbí wẹ́wẹ́ irin sí i, yóò sì fi ọ̀pá gún gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò da ẹ̀tù díẹ̀ sí ojúhò ìdí ìbọn, níbi tí òkúta iná yóò ti ṣá. Bí òjò bá rọ̀, ẹ̀tù á tutù, ìbọn kò sì ní dún. Inú ọ̀pá rẹ̀ dán borokoto, kò ní ìlà kankan tí yóò mú kí ọta yí bí òkòtó bí ó ti ń lọ. Nítorí náà, kò dájú pé ọta rẹ̀ yóò bá ẹni tí ó jìnnà ju ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ lọ.

Ìbọn ti dé báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí tafàtafà gbà láti kékeré kò bá a dé. Ẹ̀rí wà fún èyí. Ní ọdún 1861, nígbà tí ogun Ìjàyè, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1860 tí ó sì parí ní 1862, ń gbóná, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Captain Jones, ti ẹgbẹ́ ọmọ-ogun West India kejì, lọ wo àwọn ọmọ-ogun Ẹ̀gbá, ó sì kọ ìròyìn nípa ohun tí ó rí. J. F. Ade Ajayi àti Robert Smith tẹ ìròyìn náà sínú ìwé tí wọ́n kọ ní ọdún 1964 nípa ogun jíjà àwọn Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ohun tí ó ya Jones lẹ́nu ni pé, bí ìbọn ti pọ̀ tó, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń gbé ìdí ìbọn sí èjìká kí ó tó yìn ín. Ìbàdí ni ọ̀pọ̀ ti ń yìn ín, láì wo ojú ìbọn rárá. Wọn a sáré síwájú, wọn a yìnbọn, wọn a sì padà sẹ́yìn lọ kì í, kí àwọn mìíràn lè bọ́ síwájú.

Kò yẹ kí a fi èyí pe àwọn ènìyàn náà ní ọ̀lẹ tàbí òmùgọ̀. Bí ìbọn wọn ti rí ni ó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tù tí wọ́n ń kì pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé wọ́n gbà pé bí ariwo bá ti pọ̀ tó ni agbára ṣe pọ̀ tó. Ìbọn tí a ki bẹ́ẹ̀ a máa ta ènìyàn sẹ́yìn bí ìgbà tí ẹṣin bá tani nípàá, ó sì lè fọ́ yángá mọ́ ẹni tí ó yìn ín lójú. Ẹni tí ó mọ èyí kò ní gbé e sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìbẹ̀rù tí ó tọ́ ni ó bí àṣà tí kò tọ́, àṣà náà sì mú kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọta gba òfuurufú lọ. Ìdí nìyí tí ìjà ọjọ́ kan fi lè mú ariwo ńlá wá kí òkú má sì pọ̀.

Ẹ̀KỌ́ ỌMỌ ỌDẸ

Àwùjọ kan wà tí kò lè gba irú ìfiṣòfò bẹ́ẹ̀ láyè. Àwọn ọdẹ ni. Ẹ̀tù owó ni, ọta owó ni, ẹran tí ó bá sì gbọ́ ariwo kò ní dúró kí ọdẹ tún ìbọn rẹ̀ kì. Bí ó bá jẹ́ ẹfọ̀n ni, tí ọta kò sì bà á dáradára, ọdẹ fúnra rẹ̀ ni yóò di ẹran. Nítorí èyí, àwọn ọdẹ tọ́jú ìlànà ẹ̀kọ́ kan tí ó jinlẹ̀, tí ó sì yẹ kí olùkọ́ gbogbo fi ara balẹ̀ wò.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ọmọ ọdẹ kì í fi ìbọn bẹ̀rẹ̀. Àpò ni yóò kọ́kọ́ gbé tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀. Yóò kọ́ bí a ṣe ń rìn tí ewé gbígbẹ kò ní dún, bí a ṣe ń mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, bí a ṣe ń mọ ipasẹ̀ ìgalà yàtọ̀ sí ti èsúró. Ìjálá tí ó ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ọdẹ ń fi ìwà ẹranko kọ̀ọ̀kan hàn án. Ní gbogbo àkókò yìí, ojú rẹ̀ ni à ń kọ́, a kò tíì kọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń wò kò yẹ ní ẹni tí a ń fún ní ohun tí yóò fi pa á.

Lẹ́yìn èyí ni yóò wá mọ ìbọn ní ara, láì yìn ín. Yóò máa nù ún, nítorí pé ẹ̀tù tí ó jóná a máa jẹ irin. Yóò kọ́ bí a ṣe ń gbé e: ẹnu ìbọn gbọ́dọ̀ kọjú sí òkè tàbí sí ilẹ̀, kò gbọdọ̀ kọjú sí ẹ̀yìn ẹni tí ó ń lọ níwájú ní ojú ọ̀nà tóóró. Yóò kọ́ òṣùwọ̀n ẹ̀tù, kí ó má baà ki ìbọn ní àkìjù. Nígbà tí ọ̀gá bá rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti balẹ̀, yóò fi igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ohun mìíràn tí kò lè sá hàn án, yóò ní kí ó yìn. Bí kò bá bà á, ọ̀gá yóò bèèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà tí ìbọn dún. Ẹni tí ó bá di ojú kò ní lè dáhùn.

Ẹ̀kọ́ tí ó le jù ni ti òru. Iná orí ọdẹ a máa mú kí ojú ẹranko tàn nínú òkùnkùn. Ọmọ ọdẹ tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ yóò fẹ́ yìn sí ojú tí ó ń tàn náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ kò ní gbà. Ó gbọ́dọ̀ dúró títí yóò fi rí ara tí ó ni ojú yẹn, nítorí pé ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè wà nínú igbó kan náà. Súfèé ni àwọn ọdẹ fi ń dá ara wọn mọ̀, ẹni tí kò bá sì dá súfèé náà mọ̀ kò tíì tó ẹni tí ń dá igbó lọ. Níwájú Ògún, tí irin jẹ́ tirẹ̀, ni ẹni tí ó fi ẹnikejì rẹ̀ pe ẹran yóò ti jíhìn. Bí a bá fi ẹ̀kọ́ yìí wé ti àwọn ọmọ-ogun òyìnbó, a ó rí i pé ìdájí rẹ̀ tí ó jẹ́ ti ààbò pé pérépéré. Ohun tí ó kù ni ti ibi jíjìnnà, ìyẹn kò sì lè wá láì sí ìbọn tí ó lè dé ibi jíjìnnà.

ÈKÓ ÀTI OGUN KÍRÌJÌ

Ìbọn bẹ́ẹ̀ ti wà ní Èkó láàárín ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà ní 6 oṣù Kẹjọ, 1861. John Glover, tí ó wá di olórí ìjọba ibẹ̀, kó àwọn Hausa jọ, ó sì sọ wọ́n di ọmọ-ogun tí a ń fi òfin àti ìlù darí. Àwọn wọ̀nyí ni ó wà lára àwọn tí ó tú àwọn Ẹ̀gbá tí ó dó ti Ìkòròdú ká ní oṣù Kẹta, 1865. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ́wọ́ gba ìbọn Snider, tí ó jẹ orúkọ Jacob Snider, ará Amẹ́ríkà tí ó ronú rẹ̀.

Láti ìdí ni a ń ki Snider. Ẹ̀tù àti ọta rẹ̀ wà pọ̀ nínú kátíríìjì kan ṣoṣo, nítorí náà òjò kò dí i lọ́wọ́. Ìlà wà nínú ọ̀pá rẹ̀ tí ń mú kí ọta yí, ìdí nìyí tí a fi ń pe irú rẹ̀ ní ráífù. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò lè yìn ín tó ìgbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ìbọn àkìlẹ́nu kò lè ju ìgbà méjì tàbí mẹ́ta lọ. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹni tí ó dùbúlẹ̀ lè kì í, kò nílò láti dìde dúró kí ọ̀tá rí i.

Ní 1 oṣù Kọkànlá, 1878, Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ Ìkirun, nínú ogun tí a ń pè ní Jálumi. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà kò gbà fún un. Wọ́n di Èkìtìparapọ̀, Ògèdèǹgbé ti Ilésà di olórí ogun wọn, Fábùnmi ti Òkèmẹ̀sí sì wà lára àwọn akọni wọn. Ìbàdàn dó sí Ìgbájọ lábẹ́ Ààrẹ Látòósà, Èkìtìparapọ̀ sì dó sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn òkè tí ó wà láàárín wọn ń dá ohùn ìbọn padà kírìjì kírìjì, ohùn náà ni ó sì di orúkọ ogun.

Ní Èkó, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ti dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ẹrú tí a tú sílẹ̀ tàbí ọmọ wọn, tí wọ́n padà wá láti Sàró àti Bràsílì. Joseph Pythagoras Haastrup, tí ó padà di Ọwá Ajímọ̀kọ̀ kìn-ín-ní ti Ilésà ní ọdún 1896, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí fi Snider àti kátíríìjì ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé wọn, wọ́n gbé e gba ọ̀nà ọ̀sà lọ sí Oǹdó, kí ó tó dé ojú ogun. Wọ́n tún mọ̀ pé ìbọn nìkan kò tó: àwọn tí ó ti mọ ìlò rẹ̀ ní Èkó bá a lọ, kí wọ́n lè kọ́ àwọn tí yóò lò ó.

Ẹ jẹ́ kí a ronú nípa iṣẹ́ tí ó wà níwájú àwọn olùkọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ wọn lè jẹ́ ẹni tí ó ti lo ogún ọdún nídìí ṣakabùlà. Ó ní àpá ogun lára, ó sì ní orúkọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún pé kí ó gbé ìdí ìbọn mọ́ èjìká, kí ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, kí ó lajú, kí ó má sì sáré padà sẹ́yìn lẹ́yìn tí ó bá ti yìn ín. A fẹ́ kí ó mọ̀ pé ojú ẹ̀yìn Snider ní àmì jíjìnnà lára, àti pé ẹni tí kò bá gbé e sí àmì tí ó yẹ yóò yìn sí ilẹ̀ tàbí sókè orí ọ̀tá. Kí ó tó mọ nǹkan wọ̀nyí, ó ní láti gbàgbé ohun tí ó ti mọ̀. Olùkọ́ gbogbo ló mọ̀ pé èyí ṣòro ju kíkọ́ ọmọdé lọ.

Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ náà wọ̀ wọ́n lára. Ìbàdàn, tí ó ti mọ́ lára láti rọ́ lu ọ̀tá kí ó sì tú u ká, bẹ̀rẹ̀ sí rí i pé àwọn ọmọ-ogun òun ń ṣubú ní ibi tí ìbọn tiwọn kò lè dé. Ogun tí wọ́n rò pé yóò parí kíákíá di ti ọdún púpọ̀. Ìbàdàn náà wá Snider kiri, ó sì rí díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú lọ sí etíkun ti dí mọ́ ọn. Látòósà kú sí ibùdó ní ọdún 1885. Ní 23 oṣù Kẹsàn-án, 1886, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìrìn-àjò tí Samuel Johnson àti Charles Phillips rìn láàárín wọn. Ọdún 1893 ni àwọn ọmọ-ogun tó tú ká pátápátá. Kò sí ẹni tí ó ṣẹ́gun ẹnìkejì. Ìbọn tí ó dára tí a sì kọ́ bí a ṣe ń lò gba Èkìtìparapọ̀ lọ́wọ́ ìparun, ó sì tún mú kí ikú pọ̀ sí i níhà méjèèjì.

OHUN TÍ A Ń KỌ́ AKẸ́KỌ̀Ọ́ NÍ IBÙDÓ

Ẹ̀kọ́ tí ó ti Èkó lọ sí Kírìjì ni ẹ̀kọ́ tí ọgọọgọ̀rún ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá tún gbà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kí ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kọkànlélọ́gọ́rin àti èkejìlélọ́gọ́rin tó kọjá sí Íńdíà àti Bọ́mà. Ìbọn Lee-Enfield ni wọ́n lò, èyí tí ó gba kátíríìjì mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Ìlànà ẹ̀kọ́ náà kò yí padà púpọ̀ títí di òní, a sì lè tò ó lẹ́sẹẹsẹ báyìí.

Èkíní, akẹ́kọ̀ọ́ a kọ́kọ́ ṣí ìbọn wò láti mọ̀ dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá sì gbé e fún un ní ìṣẹ́jú kan náà, yóò tún un ṣí wò. Èkejì, ìka rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan apátí títí yóò fi pinnu láti yìn. Ẹ̀kẹta, yóò kọ́ bí a ṣe ń dùbúlẹ̀, bí a ṣe ń kúnlẹ̀, bí a ṣe ń dúró. Ìdùbúlẹ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ a máa gbé apá ró, ìbọn kò sì ní gbọ̀n. Ẹ̀kẹrin, ìdí ìbọn gbọ́dọ̀ jókòó ṣinṣin ní kòtò èjìká. Bí àyè bá wà láàárín wọn, ìbọn yóò gbá èjìká bí òòlù.

Ẹ̀karùn-ún ni ti ojú. Ojú ẹ̀yìn ìbọn, ojú iwájú rẹ̀ àti ohun tí a ń wò gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan. Ojú ènìyàn kò lè rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kedere lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ojú iwájú ìbọn ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò tẹjú mọ́, kí ohun tí ó wà lọ́hùn-ún ṣe bàìbàì díẹ̀. Ẹ̀kẹfà ni ti èémí: yóò mí sínú, yóò mí díẹ̀ síta, yóò sì dá a dúró fún ìwọ̀n ìgbà kúkúrú. Ẹ̀keje ni ti apátí. A kì í já a, a máa ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ìbọn yóò fi dún bí ẹni pé láì ròtẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó ń retí ariwo yóò gbọ̀n kí ariwo náà tó dé. Láti wo ọgbẹ́ yìí sàn, olùkọ́ a máa gbé owó ẹyọ lé ọ̀pá ìbọn òfìfo, kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ apátí láì jẹ́ kí owó náà jábọ́. Ìgbà tí ó bá ṣe èyí lọ́pọ̀ ìgbà ni a tó fún un ní ọta gidi.

Ní pápá ìyìnbọn, àsíá pupa ni ó ń fi hàn pé ìbọn ń dún. Gbogbo ẹnu ìbọn kọjú sí ọ̀nà kan ṣoṣo, òkìtì ilẹ̀ ńlá sì wà lẹ́yìn ohun tí a ń yìn láti gba ọta dúró. Kò sí ẹni tí ń ki ìbọn láì gbọ́ àṣẹ, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì rí ewu, ìbáà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kéré jù, lè ké pé kí gbogbo ènìyàn dáwọ́ dúró. Bí a bá wo ìlànà wọ̀nyí, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdẹ yóò rí i pé èkíní àti èkejì kò ṣe àjèjì sí òun. Àyẹ̀wò, sùúrù àti mímọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹran ni ọ̀gá rẹ̀ ti kọ́ ọ.

ÒFIN ÀTI ṢAKABÙLÀ

Ó yẹ kí a bèèrè ìdí tí ṣakabùlà fi kù sí ọwọ́ àwọn ènìyàn lẹ́yìn tí Snider ti fi agbára rẹ̀ hàn. Òfin ni ó fà á. Ní ọdún 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù pàdé ní Brussels láti fòpin sí òwò ẹrú, wọ́n sì fòfin de kíkó ráífù wọ apá tí ó pọ̀ jù nínú Áfíríkà. Ìbọn àtijọ́ tí kò ní ìlà nínú nìkan ni wọ́n gbà láyè fún òwò. Ní ọdún méjì péré lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù Karùn-ún, 1892, àwọn ọmọ-ogun Èkó fi Maxim àti ráífù ṣẹ́gun àwọn Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Ìjẹ̀bú pọ̀ jù wọ́n lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Lẹ́yìn èyí, ráífù di ti ìjọba, ṣakabùlà di ti ọdẹ, àwọn alágbẹ̀dẹ sì ń tún un ṣe, wọ́n ń rọ òmíràn.

Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1959, tẹ̀lé ọ̀nà kan náà. Ó fòfin de ìbọn ogun lọ́wọ́ ará ìlú, ó ní kí ẹni tí ó fẹ́ ìbọn ọdẹ ìgbàlódé gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, ó sì fi àṣẹ ṣakabùlà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún gba ìwé àṣẹ, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò dára, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Bí a bá fara balẹ̀ wo àwọn nǹkan wọ̀nyí, ohun tí àgbà ọdẹ ń wò lára ẹni tí ó fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí àgbà ọdẹ bá ti wò ó tán ni ẹ̀kọ́ ọlọ́dún púpọ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé kò lè kọ́ni ní ìyẹn.

MÚṢIN, SURULÉRÈ ÀTI YÁBÀÁ

Ní apá Èkó tí a ń pè ní Méńláńdì, ìbọn àti ilé ènìyàn ti wà pọ̀ tipẹ́. Bárékè Abalti wà ní Surulérè, ilé-ìwòsàn àwọn ọmọ-ogun sì wà ní Yábàá. Nígbà ogun abẹ́lé, láti 1967 dé 1970, ọmọ-ogun Nàìjíríà fò láti nǹkan bí ẹgbàárùn-ún lọ sí nǹkan bí ọ̀kẹ́ méjìlá àbọ̀. Kò ṣeé ṣe kí gbogbo àwọn tí a gbà wọlé ní ìkánjú bẹ́ẹ̀ rí ẹ̀kọ́ tí ó pé. Ohun tí Jones rí ní 1861 tún ara rẹ̀ ṣe: ọta ń lọ lọ́pọ̀, ohun tí ó ń bà kò tó nǹkan.

Nígbà tí ogun parí, ìbọn kò parí. Olè adigunjalè pọ̀ débi pé ìjọba ológun ṣe òfin kẹtàdínláàádọ́ta ti ọdún 1970, tí ó fi ikú ṣe ìjìyà olè adigunjalè, a sì ń yìnbọn pa àwọn tí a dá lẹ́bi ní etíkun Bar Beach lójú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Àwọn àdúgbò Múṣin àti Surulérè wá ń fi géètì sí ẹnu òpópónà, wọ́n sì ń gba olùṣọ́ òru. Orúkọ tí wọ́n fún olùṣọ́ yìí ni "ọdẹ." Ó ní iná ìléwọ́, fèrè àti àdá, nígbà mìíràn ó ní ṣakabùlà.

Orúkọ náà bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó tún bo ewu kan mọ́lẹ̀. Nínú igbó, igi àti ilẹ̀ ni ó sábà máa ń wà lẹ́yìn ẹran. Ní Múṣin, ògiri pákó, fèrèsé àti yàrá tí ènìyàn mẹ́fà ń sùn sí ni ó wà lẹ́yìn olè. Ọta tí a yìn sókè láti dẹ́rù bani gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ní ibì kan. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ọdẹ dáradára ni ó yẹ kí ó mọ èyí jù, nítorí pé a ti kọ́ ọ kí ó má yìn sí ojú tí ń tàn lásán. Ẹni tí a kàn fún ní ìbọn àti orúkọ ọdẹ, tí kò gbé àpò tẹ̀lé ẹnikẹ́ni rí, ni ó léwu fún òpópónà ju olè lọ. Ní ọdún 2020, nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Gúúsù dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, tí wọ́n sì gba àwọn ọdẹ sínú rẹ̀, ìbéèrè àtijọ́ yìí tún jáde: ìbọn wo ni kí a fún wọn? Ìbéèrè tí ìtàn fi hàn pé ó yẹ kí ó ṣáájú rẹ̀ ni: ta ni yóò kọ́ wọn, yóò sì ti pẹ́ tó?

ÀSỌKÁGBÁ

A ti rí i pé ìbọn dé ilẹ̀ Yorùbá kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó dé, àti pé àwọn jagunjagun fi ariwo dípò ojú ìbọn wíwò títí di ìgbà Kírìjì. A ti rí i pé àwọn ọdẹ ní ẹ̀kọ́ ààbò tí ó péye, nígbà tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó mú ẹ̀kọ́ ibi jíjìnnà wọ ilé. A sì ti rí i pé òfin lè sọ ẹni tí kò yẹ kí ó gbé ìbọn, ṣùgbọ́n ọ̀gá nìkan ni ó lè sọ ẹni tí ó ti tó láti yìn ín.

Ẹ̀kọ́ méjèèjì, ti ààbò àti ti ìbà-á-bí-a-ti-fẹ́, jẹ́ ẹ̀kọ́ kan náà ní ìpìlẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó ń wò, tí ó mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀, tí kò sì sáré fa apátí, ni yóò ba ohun tí ó fẹ́ bà. Òun kan náà ni kò ní ba ohun tí kò fẹ́ bà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tún bá òwe ìbọn àti apátí pàdé nínú ìwé ìdánwò, kí ó rántí pé ará ilé àti ará òpópónà ni òwe náà ń gbèjà.